Káàdì Abẹ́rẹ́ Bọ́tìnnì

Ikọ́ náà tún mú Bọ́tìnnì ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti búrẹ́dì bọ inú tíì pé kóun sáré fi nǹkan sẹ́nu kóun tó jókòó ti máṣínnì. Kì í ṣe ikọ́ ẹ̀ẹ̀kan ẹ̀ẹ̀mejì kó dákẹ́. Ṣe ni wọ́n ń lé ara wọn, èkíní ò tíì tán tí èkejì ti dé, ọmọ ò ráyè mí, ojú rẹ̀ pọ́n, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, kó tó wá fa èémí kan ṣoṣo sínú tó han gooro káàkiri yàrá. Lẹ́yìn náà ló bì. Gbogbo ọmú tó mu láàárọ̀ tú dà sórí àwọn ìbòmú tí ìyá rẹ̀ ti ká jọ sórí bẹ́ẹ̀dì, tó yẹ kí wọ́n wá kó lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìyá kò wo ìbòmú. Ó gbé ọmọ lé èjìká, ó ń gbá a lẹ́yìn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, tíì sì tutù sórí tábìlì.

Ọmọ oṣù márùn-ún ni Bọ́tìnnì. Ojú rẹ̀ tó rí róbótó ló sọ ọ́ ní Bọ́tìnnì, nítorí télọ̀ ni ìyá rẹ̀, Télọ̀ náà ni wọ́n sì ń pè é nílé, kò sí nǹkan tí kì í fi aṣọ ṣàlàyé. Bàbá ọmọ ni gbogbo ilé ń pè ní Tíṣà. Tíṣà náà ni lóòótọ́, àmọ́ ilé ẹ̀kọ́ ti wà ní títì láti ìgbà tí kòrónà ti dé tí ìjọba sì pàṣẹ kónílé-gbélé. Láti ìgbà náà, máṣínnì Télọ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá yẹn. Ìbòmú ló ń rán láti àárọ̀ dalẹ́, ti ilé ìwòsàn, ti báǹkì, ti àwọn tó ń ta ẹran. Tíṣà a máa jókòó létí fèrèsé pẹ̀lú fóònù rẹ̀, a máa tẹ́tí sí ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Gbogbo ayálégbé ló ń wá bi í pé kí ni ìròyìn wí, nítorí òun ló kàwé jù nínú wọn.

"Ọjọ́ kẹsàn-án rèé," ni Télọ̀ wí. "Ẹ jẹ́ ká gbé ọmọ yìí lọ sílé ìwòsàn."

Tíṣà kò gbójú kúrò lára fóònù. "Ilé ìwòsàn wo? Níbi tí kòrónà gan-an ń gbé? O fẹ́ kó lọ kó èyí tí kò ní?"

"Ẹ wo ètè rẹ̀ o."

"Mo ti wò ó. Ikọ́ ni. Ọmọ wo ni kì í wúkọ́?"

Ìyá Tíṣà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé àwo ẹ̀wà lé itan, ó ń ṣà á. "Ìyàwó mi, eyín ló fẹ́ hù," ló wí. "Bí ọkọ rẹ náà ṣe ṣe nìyẹn."

"Màmá, ẹ forí jì mí. Eyín wo ló ń sọ ètè ọmọ di dúdú?"

Màmá tẹjú mọ́ ẹ̀wà, ó ń ju òkúta síta bí ẹni pé òkúta ló ṣẹ̀ ẹ́. Télọ̀ wo Màmá, ó wo Bọ́tìnnì, inú ń bí i, àmọ́ ó gbé e mì. Ẹni tó bá ń bá ìyá ọkọ gbé yàrá kan náà nígbà kónílé-gbélé á ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ìbínú mì.

Bí wọ́n ti wà níbẹ̀ ni Màmá Ọṣẹ yọ. Obìnrin afọṣọ ni, yàrá kejì ló ń gbé, òun náà bímọ ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn Télọ̀. Kò wọlé. Ó dúró lókèèrè, ó fi etí ìró bo imú.

"Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ má bínú o. Àwọn tó wà lókè ló rán mi. Wọ́n ní ikọ́ ọmọ yín ò jẹ́ káwọn sùn, wọ́n ní kòrónà ni. Wọ́n ní ẹ má gbé e wá sídìí ẹ̀rọ omi mọ́."

"Kòrónà kẹ̀?" Télọ̀ yí padà bìrí. "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ọmọ tèmi gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbà, ọ̀kan ò yẹ̀. Káwọn tó wà lókè náà lọ wo káàdì ọmọ tiwọn. Tiyín ńkọ́, ṣó ti gbà á?"

"Tèmi ò gbà á kẹ̀. Ṣebí Tíṣà ló ní ká…"

Ó ti wo ojú Tíṣà. Télọ̀ náà wo ojú Tíṣà, àmọ́ fóònù ni Tíṣà ń wò.

"Ó ní kí ẹ ṣe kí ni?"

"Ó ní… ó ní ká máa fọwọ́."

"Màmá Ọṣẹ," ìyá Tíṣà gbé ohùn sókè láti ẹnu ọ̀nà, "omi rẹ ń hó lórí iná o."

Màmá Ọṣẹ kò gbé nǹkan kan kaná. Gbogbo wọn ló mọ̀, torí sítóòfù rẹ̀ wà lójútáyé níta, kò sí iná lábẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀ ó ní, "Yéè, omi mi!" ó sì sáré lọ. Télọ̀ ì bá ronú sí i, àmọ́ ikọ́ tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí, ìgbà tó tán, Bọ́tìnnì kò fa èémí kankan. Ó kàn wà bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ là, ètè rẹ̀ dà bí ẹni tó lá aró. Télọ̀ mì í, ó pè é, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú, kó tó wá mí hàà.

Ó ti so ọmọ mọ́ àyà kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

"Tí ẹ ò bá lọ, èmi ń lọ. Ẹ fún mi ní káàdì rẹ̀."

"Kí lo fẹ́ fi káàdì ṣe?" ni Tíṣà wí.

"Wọ́n á bèèrè."

"Ọmọ ń ṣàìsàn, káàdì lò ń wá."

"Tíṣà, ẹ fún mi ní káàdì ọmọ mi."

Inú fáìlì ni káàdì náà ń gbé, pẹ̀lú àwọn ìwé ẹ̀rí Tíṣà, ó ti fi ọ̀rá wé e kí omi má bàa kàn án. Ó yọ ọ́. Kò fún un. Ó tì í bọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀, ó ní òun ń bá wọn lọ. Màmá gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀, ó dìde, ó wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan, ó tún jókòó.

Ìdajì ṣọ́ọ̀bù tó wà lójú ọ̀nà ló wà ní títì. Ní iwájú ilé oògùn, wọ́n ti fi ọ̀dà funfun ya òbìrí òbìrí sílẹ̀, ẹnì kan nínú òbìrí kan, àwọn ènìyàn sì dúró sínú wọn bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ń jẹ níyà. Bí wọ́n ti gbọ́ ikọ́ Bọ́tìnnì, wọ́n fọ́n ká. Ojú ti Télọ̀, ó bo ọmọ lórí, ó yára, ó sì ń sọ̀rọ̀ kó má bàa sunkún.

"Ọpẹ́ ni pé a ò fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣeré. Ìgbà tí mi ò rójú rí àyè, ẹ̀yin lẹ gbé e lọ. Ohun tí bàbá ẹlòmíì ò lè ṣe lẹ ṣe fún mi. N ò jẹ́ gbàgbé."

Tíṣà wà lẹ́yìn rẹ̀, ó tún fà sẹ́yìn sí i. Télọ̀ rò pé ìtìjú ló ń ṣe é, torí kì í ṣe ọkùnrin tó fẹ́ràn kí wọ́n máa yìn ín lójú títì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbé ọmọ jáde láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbé e dé pẹ̀lú igo oògùn ìgbóná ara lọ́wọ́, tí yóò sọ pé, "Ó ké díẹ̀ ni. Wọ́n ní ara rẹ̀ lè gbóná." Màmá a sì ti rẹ aṣọ sínú omi gbígbóná sílẹ̀, a fi lé ọmọ nítan. Ara Bọ́tìnnì kò gbóná rí. Télọ̀ ti fọ́nnu fún gbogbo ilé nítorí ìyẹn, ó ní ara ọmọ òun le.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì gbọ́ ikọ́, ó na ọwọ́ sí àgọ́ funfun tí wọ́n pa sínú ọgbà. "Àwọn oníkọ́, apá ibí." Àmọ́ kí wọ́n tó débẹ̀, nọ́ọ̀sì àgbà kan tó jókòó ti tábìlì lábẹ́ igi pè wọ́n. Obìnrin náà ti darúgbó díẹ̀, ojú rẹ̀ nìkan ló hàn. Télọ̀ rí ìbòmú tó wọ̀, ó mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Òun nìkan ló ń rán etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó má bàa tú. Irú ìbòmú yẹn ló ń rán tí kò fi rójú gbé ọmọ wá síbí.

Bọ́tìnnì wúkọ́ lójú nọ́ọ̀sì, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Nọ́ọ̀sì kò sún sẹ́yìn bí àwọn ará ọ̀nà. Ṣe ló tẹ́ etí sílẹ̀, nígbà tí èémí yẹn han gooro, ó dìde lórí àga.

"Ó ti tó ọjọ́ mélòó?"

"Mẹ́sàn-án, Nọ́ọ̀sì."

"Ohùn ikọ́ yìí… ó jọ àwúbì létí mi, ikọ́ líle tí abẹ́rẹ́ ìkókó ń dènà. Ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Ṣé ó gba abẹ́rẹ́ rẹ̀?"

"Ó gbà á pé, mà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Ẹ jẹ́ n rí káàdì."

Tíṣà ki ọwọ́ bọ àpò. Ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní láti tún bèèrè kó tó yọ ọ́. Obìnrin náà tú ọ̀rá, ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà, ó mí kanlẹ̀.

"Lóòótọ́, ó gbà á pé, ó sì gbà á lásìkò. Á jẹ́ pé etí mi ló ń tàn mí. Ọmọ tó gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í sábàá rí báyìí. Ẹ gbé e lọ sínú àgọ́, kí wọ́n ṣàyẹ̀wò kòrónà fún un. Ọjọ́ méjì lèsì máa ń gbà."

"Ọjọ́ méjì? Nọ́ọ̀sì, ọmọ yìí ń gbàgbé láti mí!"

"Mo mọ̀, ìyá ọmọ. Tó bá jẹ́ pé àwúbì ni, oògùn rẹ̀ wà ní kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, ǹ bá ti gbé e sí wọ́ọ̀dù nísinsìnyí. Àmọ́ káàdì ni mo gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Wọ́ọ̀dù kún fún ìkókó, n ò lè gbé oníkòrónà lọ bá wọn."

Télọ̀ yíjú sí ọkọ rẹ̀. Nínú ilé, Tíṣà ni wọ́n ń tì síwájú tó bá di ọ̀rọ̀ àwọn tó kàwé, òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń bá wọn sọ ọ́. "Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ sọ̀rọ̀."

Tíṣà ń wo bàtà rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ti fa fọ́ọ̀mù kan sọ́dọ̀, ó ń da àwọn ọjọ́ tó wà lórí káàdì kọ síbẹ̀. Télọ̀ na ọrùn wò ó. Kì í ṣe pé ó fura. Ojú rẹ̀ kàn ń wá ibi tó máa sinmi sí ni. Ó rí ọjọ́ kẹtàdínlógún tí nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ sórí fọ́ọ̀mù, ó rí èyí tó wà lórí káàdì. Méje tó wà nínú rẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù dúró lásán. Méje ti orí káàdì ní ìlà kékeré kan tó dá a láàárín.

Ọdún mẹ́rin ni Télọ̀ ti ń gé aṣọ pẹ̀lú méje yẹn. Bó bá na téèpù sí oníbàárà lára, tó pe nọ́ńbà, Tíṣà ló ń bá a kọ ọ́ sínú ìwé ìwọ̀n, kò sì jẹ́ kọ méje kan kó má fi ìlà dá a. Télọ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé méje tirẹ̀ ń wọ ìgbànú kí ṣòkòtò má bàa já. Méje onígbànú méjì ló wà lórí káàdì ọmọ rẹ̀, ọ̀kan ní ìlà abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, ọ̀kan ní ìlà ẹ̀kẹta.

Ó na ìka sí méje náà.

"Nọ́ọ̀sì, ta ló ń kọ káàdì níbí?"

"Èmi ni. Láti ìgbà kónílé-gbélé, èmi nìkan ni."

"Ṣé ọwọ́ yín lèyí?"

Nọ́ọ̀sì gbé káàdì súnmọ́ ojú. Ó yí i sí ìmọ́lẹ̀. Ó rọra gbé bírò sílẹ̀.

"Tíṣà," ni Télọ̀ wí. "Níbo lẹ máa ń gbé ọmọ mi lọ?"

Fóònù Tíṣà ló dáhùn. Ó dún lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́ pa á, ìka rẹ̀ ṣìnà, ó gbé e. Etí ìyá Tíṣà ti di díẹ̀, ariwo ló fi ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, gbogbo abẹ́ igi ló gbọ́ ọ: "Ṣé ó ti rí káàdì náà?"

Màmá ń pe "Hẹ̀lóò, hẹ̀lóò," títí tí ìlà fi já.

Aṣọ gbígbóná. Igo oògùn. Omi tí kò sí lórí iná. Gbogbo rẹ̀ wá já sójú kan lọ́kàn Télọ̀, ó sì dùn ún dé ibi tí kò mọ̀ pé nǹkan lè dun ènìyàn dé. Gbogbo ilé ló mọ̀. Gbogbo wọn ń gbọ́ tó ń fọ́nnu, wọ́n ń bá a rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, mò ń bá ọ sọ̀rọ̀." Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ, kò pè é ní ìwọ rí. "Níbo lò ń gbé ọmọ mi lọ?"

"Iléèwé," ni Tíṣà wí. "Kíláàsì mi. A máa ń jókòó síbẹ̀ fún wákàtí méjì. Mò ń kọrin fún un. Wọ́n fi ohùn kan ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù, dókítà kan ló ń sọ̀rọ̀, ó ní oògùn kòrónà ni wọ́n fẹ́ fi abẹ́rẹ́ dán wò lára àwọn ìkókó. Ẹ̀rù bà mí. Mo fẹ́ dáàbò bò ó ni. Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ fún ọ, o ò ní gbà."

"Dókítà wo? O mọ̀ ọ́n? O rí ojú rẹ̀?"

Tíṣà ti fóònù bọ àpò.

"Mo gbọ́ pé ẹ̀rù bà ọ́. Ẹ̀rù ń ba gbogbo wa. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí ńkọ́? Nọ́ọ̀sì ní ká lọ jókòó fún ọjọ́ méjì nítorí ohun tí ìwọ fọwọ́ ara rẹ kọ. O dúró síbí, o gbọ́ ọ, ò ń wo bàtà. Ọmọ rẹ ń kú lọ, ò ń wo bàtà!"

Ikọ́ tún gbé Bọ́tìnnì. Télọ̀ kò dúró kí ó tán.

"Nọ́ọ̀sì, kò gbà á. Kò gba ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Irọ́ ló wà nínú káàdì yẹn, ẹ bá mi gba ọmọ mi."

Nọ́ọ̀sì àgbà náà kò tún bèèrè ohunkóhun. Ó gba ọmọ, ó ń sáré bí ẹni tí orúnkún kì í dùn, ó ń pariwo orúkọ oògùn sí àwọn tó wà nínú wọ́ọ̀dù. Lẹ́nu ọ̀nà, ó yíjú padà sí Tíṣà lẹ́ẹ̀kan.

"A ò ti ilẹ̀kùn yìí rí lọ́jọ́ abẹ́rẹ́," ló wí. "A máa ń gbé oògùn sórí yìnyín, a máa ń jókòó, à ń wo ọ̀nà. Títí yìnyín yóò fi yọ́. A rò pé àwọn ìyá ọmọ ni ò mọ̀ pé a ṣì wà níbí."

Nígbà tó fi di ọ̀sán, Bọ́tìnnì ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì kékeré kan ní yàrá tí wọ́n yà sọ́tọ̀, rọ́bà tín-ín-rín wà nímú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbabẹ̀ wọlé. Oògùn ti wọ ara. Nọ́ọ̀sì kò ṣèlérí. Ó ní irú ikọ́ yìí kì í tètè lọ, ó ní ì bá dára tí wọ́n bá ti tètè mú un wá, kí wọ́n máa wo bí òní àti ọ̀la bá ṣe rí. Tíṣà dúró síta létí fèrèsé, torí ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n gbà láàyè lọ́dọ̀ aláìsàn. Ó ti sunkún. Télọ̀ rí i pé ó ti sunkún, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Ìyẹn gan-an bà á lẹ́rù díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì mú káàdì tuntun wá, ó jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. "A máa bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ bá yá. Kí ló ti gbà lóòótọ́? Èyí tó dá ẹ lójú ni kó o sọ fún mi."

Télọ̀ ká apá aṣọ ọmọ sókè. Àpá abẹ́rẹ́ ọjọ́ kejì ìbí wà níbẹ̀, ó kéré, ó yọ díẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá gbà á, kí ayé tó dàrú.

"Ẹyọ kan yìí," ló wí. "Èyí nìkan ló dá mi lójú."

Nọ́ọ̀sì kọ ìlà kan. Ó fi ìyókù sílẹ̀ lófìfo, ó fẹ́ atẹ́gùn sí yíǹkì kó gbẹ, ó na káàdì náà sí i.

Tíṣà na ọwọ́ gba ojú fèrèsé wọlé láti gbà á. Kì í ṣe pé ó rò ó. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, òun ló máa ń gba ìwé nínú ilé, òun ló máa ń fi ọ̀rá wé e.

Télọ̀ tú etí ìró rẹ̀. Ó ká káàdì náà sí méjì, ó dì í síbẹ̀, ó so ó ní kókó méjì. Lẹ́yìn náà ló jókòó ti ọmọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka èémí rẹ̀, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ọwọ́ Tíṣà ṣì wà lójú fèrèsé níbẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjú sókè, nígbà tí ikọ́ náà tún bẹ̀rẹ̀.